Bí Ọ̀gá Ọlọ́pàá Ṣe Lè Wo Ìyapa Inú Ilé-iṣẹ́ Rẹ̀ Sàn Lásìkò Rògbòdìyàn

Ìyapa inú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ fara hàn lórí rédíò kí ó tó dé etí ọ̀gá. Ọlọ́pàá kan á pè fún ìrànlọ́wọ́ lóru. Ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní òpópónà kejì, ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà jù lọ ni yóò dáhùn, torí pé àwọn tó wà nítòsí kò sí ní ìhà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń pè. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó rí i níbi ìpéjọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé àwọn kan ti kó ara wọn sí apá òsì yàrá, àwọn yòókù wà ní apá ọ̀tún, àwọn àga àárín sì ṣófo. Bí wàhálà bá wá bẹ́ sílẹ̀ níta lásìkò yìí, bóyá ọlọ́pàá yìnbọn pa ẹni tí kò gbé ohun ìjà, bóyá aráàlú tú sígboro, bóyá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ni a pa lẹ́nu iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ti ya yìí kan náà ni a ó rán lọ pẹ̀tù sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yín ti lanu.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọlọ́pàá ni mo kọ èyí sí, ẹ̀yin tí iná ń jó níwájú yín tí ó tún ń jó lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fún yín pé kí ẹ pa iná ìta ná, kí ẹ fi ti inú ilé sílẹ̀ di ìgbà tí ara bá rọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ọlọ́pàá tí kò fọkàn tán ẹni tó dúró tì í kò lè ní sùúrù fún èrò tó ń ju òkò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú láàárọ̀ máa ń gbé ìbínú náà dé ọ̀dọ̀ aráàlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ju ohun gbogbo lọ ni pé àwọn ọmọ abẹ́ yín kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ìwé ìpín-iṣẹ́ tó wà lára ògiri ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ òru, ta ni a gbé ga, ta ni a dárí jì, ta ni a fìyà jẹ. Ibẹ̀ ni ìyapa gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ìwòsàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wádìí ohun tó yà wọ́n gan-an

Ẹ má ṣe gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì àti àwọn tó ń rìn nígboro ni wọ́n ń bára wọn jà. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn, tàbí ti àwọn àgbà iṣẹ́ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà mìíràn, ọlọ́pàá kan ni ó jẹ́rìí sí ìwà àìdáa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìdajì ilé-iṣẹ́ náà sì ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Oògùn ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ fún èkejì, nítorí náà ẹni tó bá lo oògùn kí ó tó mọ àrùn yóò dá kún un ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1919, yẹ kí ó wà lọ́kàn gbogbo ọ̀gá ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ń ráhùn pé owó iṣẹ́ kò tó nǹkan, pé wákàtí iṣẹ́ pọ̀ jù, pé àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí kò mọ́. Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Kọmíṣánnà wọn, Edwin Curtis, rí ẹgbẹ́ náà bí ọ̀tẹ̀, ó sì dá 19 nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ọlọ́pàá tó lé ní 1,100 nínú nǹkan bí 1,500 fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn jàǹdùkú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ṣọ́ọ̀bù, Gómìnà Calvin Coolidge kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ jáde, àwọn tó da iṣẹ́ sílẹ̀ kò sì rí iṣẹ́ náà gbà mọ́ títí ayé. Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé àwọn tí a gbà rọ́pò wọn gba owó tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ti àkọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni a gbé fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Curtis gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbọràn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ owó, wákàtí àti ibùsùn.

Bí ẹ ó ṣe gbọ́ tẹnu wọn

Ẹ má pe ìpàdé ńlá. Nínú ìpàdé ńlá, àwọn tó lóhùn gooro ni yóò sọ̀rọ̀ fún ìhà wọn, àwọn tó mọ òótọ́ yóò sì dákẹ́. Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, ní aago méjì òru, láìsí akọ̀wé, láìsí ayàwòrán, láìsí igbákejì tí yóò máa wojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú wọn. Bí kọ́ńsítébù tó wà nídìí tábìlì bá dìde láti kí yín, ẹ jẹ́ kí ó kí yín, kí ẹ sì ní kí ó jókòó padà, kí ẹ dúró títí yóò fi kọ ohun tó ń kọ tán. Ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún òru kan. Ẹ mú ìwé kékeré kan dání, kí wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ń sọ ni ẹ ń kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé ẹ kò kọ orúkọ.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni ẹ nílò. Kí ni ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí nira fún ọ ju bí ó ti yẹ lọ? Ìgbà wo ni a rẹ́ ìwọ tàbí ẹlòmíràn jẹ lójú rẹ? Bí o bá wà ní ipò mi, kí ni ìwọ ìbá kọ́kọ́ tún ṣe? Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹnu mọ́. Ohun tó le jù lọ fún ọ̀gá ni èyí, nítorí pé àwọn ẹ̀sùn kan yóò kan yín gan-an, àwọn mìíràn yóò jẹ́ irọ́ tí ẹ lè já ní koro lójú ẹsẹ̀, ẹnu yóò sì máa yún yín. Ẹ má já a. Bí ẹ bá wí àwíjàre lẹ́ẹ̀kan, ìròyìn á ti dé gbogbo àgọ́ kí ọjọ́ tó mọ́ pé ọ̀gá kò wá gbọ́, ẹjọ́ ni ó wá rò.

Ẹ rí i pé ẹ dé ọ̀dọ̀ ìhà méjèèjì ní iye ìgbà kan náà, kí ẹ sì kà á, torí pé àwọn náà yóò kà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́: ẹni tó ń gba ìpè lórí fóònù, akọ̀wé tó ń to fáìlì, ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí máa ń mọ ìgbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó dá a sílẹ̀, nítorí pé ojú wọn ni a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Àwọn sájẹ́ǹtì náà ṣe pàtàkì lọ́tọ̀. Ọwọ́ wọn ni àṣẹ yín ń gbà kọjá, bí wọ́n bá sì ti fojú kékeré wò ó, ohun tó máa dé ìsàlẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ohun tí ẹ sọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri gbogbo àgọ́, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sí i ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ohun tí ẹ ó ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ó ṣe é, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe àti ìdí rẹ̀. Apá tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò jẹ́ kí a gba ìyókù gbọ́.

Ìwé tó wà lára ògiri

Ẹ gbé ìwé ìpín-iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sẹ́yìn sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ mú bírò pupa, kí ẹ fi ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru Sátidé. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ mẹ́ta kan náà bá ń yọ léraléra, tí àwọn orúkọ kan kò sì yọ rárá, ẹ ti rí ohun tí a ń bínú sí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbéga, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fún ọkọ̀ tuntun, fún ìsinmi ọdún, fún ìwé ìkìlọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń pín iṣẹ́ má ní ìkà kankan nínú, kí ó kàn jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ ni ó ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe òru Sátidé mẹ́rìnlá láì sinmi kò ní àyè láti wádìí ọkàn ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ tún un ṣe ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí ìlànà ìpín-iṣẹ́ wà lára ògiri pẹ̀lú ìwé ìpín-iṣẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò pé ipò rẹ̀ bá ìlànà mu. Kí ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹni tí a ó gbé ga ní ẹnìkan láti ìhà kọ̀ọ̀kan nínú, kí ẹni tí a kò sì yàn gba àlàyé lójúkojú. Onímọ̀ Tom Tyler, tó ti ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pa òfin mọ́, fi hàn pé bí a ṣe dé orí ìpinnu máa ń wọ ènìyàn lára tó ìpinnu náà fúnra rẹ̀: ǹjẹ́ a gbọ́ tẹnu mi, ǹjẹ́ òfin kan náà ni a lò fún gbogbo wa, ǹjẹ́ a bọ̀wọ̀ fún mi, ǹjẹ́ mo rí i pé ire ni a fẹ́? Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Barack Obama gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ ọlọ́pàá gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ó gba àwọn ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá níyànjú pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwà òdodo yìí láàárín ara wọn, nítorí pé ọlọ́pàá tí a hù ú sí ni yóò mọ bí a ti ń hù ú sí aráàlú.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti ṣẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì níbi ìpéjọ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ má sọ pé bí ẹ bá ṣẹ ẹnikẹ́ni kí ó má bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dá kún ìbínú ni. Ẹ sọ pé: “Ní oṣù tó kọjá, mo fi ìwé ìdádúró lé ẹni mẹ́ta lọ́wọ́ kí n tó gbọ́ tẹnu wọn. Àṣìṣe mi ni. Mo ti fagi lé ìwé náà, ìgbìmọ̀ yóò sì gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́jọ́ Ẹtì.” Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ìṣọ̀kan kò gbọdọ̀ bo ìwà ìkà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ. Ọ̀nà kan wà tó yá láti fi kó ọlọ́pàá jọ, òun ni kí ọ̀gá dáàbò bo gbogbo ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, ohunkóhun tí ó bá ṣe. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún yín fún oṣù kan. Egbò tí a kò wẹ̀, tí a fi aṣọ funfun bò, ń rà lábẹ́ aṣọ ni.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ìlú Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, lu ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Rodney King, ní oṣù kẹta ọdún 1991, ìgbìmọ̀ tí Warren Christopher darí yẹ ìwé ẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ náà wò láti ọdún 1986 dé 1990. Wọ́n rí nǹkan bí 1,800 ọlọ́pàá tí a ti fi ẹ̀sùn lílo agbára jù kàn. Nínú wọn, 44 péré ni ó ní ẹ̀sùn mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀gá èyíkéyìí ti lè kà á. Àwọn díẹ̀ tí a kò bá wí ni ó kó àbùkù bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdajì ilé-iṣẹ́ yín tó ń bínú lè jẹ́ àwọn tó ti rẹ̀ láti máa ru ẹrù irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dáàbò bo ẹni tó sọ òótọ́. Bí a bá fi òkú ẹran sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, tàbí tí a kò dá a lóhùn lórí rédíò, ẹ ṣe ìwádìí rẹ̀ bí ẹ ó ti ṣe ìwádìí ọ̀ràn tí a ṣẹ̀ sí aráàlú. Ẹ fi gbèdéke sí gbogbo ìwádìí abẹ́nú, torí pé ẹni tí a dá dúró fún oṣù mẹ́jọ láì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ yóò di akọni lójú ìhà tirẹ̀, kódà bí ó bá jẹ̀bi. Kí ìyà ọ̀rẹ́ yín àti ti ẹni tó ń bú yín sì dọ́gba fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ òsì bá wọn wí, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fà wọ́n mọ́ra: ẹni tó jìyà rẹ̀ tán yẹ kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ènìyàn, kí orúkọ rẹ̀ má di òwe.

Ní ọjọ́ tí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀

Ẹ bá àwọn ènìyàn yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, kódà bí ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló wà láàárín méjèèjì. Kò sí ohun tó ń dun ọlọ́pàá bíi kí ó gbọ́ ìpinnu ọ̀gá rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ kò tíì mọ̀, ẹ sọ aago tí ẹ ó tún sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ ní aago náà bí ẹ kò tilẹ̀ ní ohun tuntun láti sọ. Ẹ má dá ọlọ́pàá tí ọ̀ràn kàn láre, ẹ má dá a lẹ́bi, kí ìwádìí tó parí. Àhesọ orí WhatsApp yóò kún inú àlàfo èyíkéyìí tí ẹ bá fi sílẹ̀. Ẹ má rán amí sínú àwọn ojú òpó náà, ìkéde tó ń jáde lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn.

Ẹ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1992, nígbà tí Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́yìn ìdájọ́ àwọn ọlọ́pàá tó lu Rodney King, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Daryl Gates, wọkọ̀ lọ sí àpéjọ òṣèlú kan ní Brentwood. Òun àti Tom Bradley, tó jẹ́ olórí ìjọba ìlú náà, kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ènìyàn tó lé ní 50 ni ó kú kí wàhálà náà tó rọlẹ̀. Mi ò sọ pé ìbárasọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì ni ìbá gba gbogbo wọn là, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ parí ìjà àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí èyí tó wà láàárín òun àti ẹni tó wà lókè rẹ̀. Ẹ pè é lórí fóònù lónìí.

Bí ọlọ́pàá bá kú, ẹ kíyè sí ìsìnkú. Lẹ́yìn tí a pa ọlọ́pàá méjì nínú ọkọ̀ wọn ní Brooklyn ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2014, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọlọ́pàá New York kẹ̀yìn sí Bill de Blasio, tó ń darí ìlú náà, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú àkọ́kọ́. Kí ìsìnkú kejì tó dé, Kọmíṣánnà William Bratton kọ ìwé sí wọn pé ọ̀fọ̀ ni ìsìnkú wà fún, kì í ṣe ẹ̀hónú. Ó sọ pé òun kò pàṣẹ, òun kò sì halẹ̀ ìyà mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ṣì kẹ̀yìn ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2015. Mo gbà pé ó ṣe dáadáa, torí pé ìhalẹ̀ lórí pósí ìbá ba ohun gbogbo jẹ́. Ohun tí ẹ lè fi kún un ni pé kí ẹ ti jókòó ti àwọn aṣáájú ìhà méjèèjì ṣáájú ọjọ́ náà, nílé olóòkú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbé ohùn sókè.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tó wọ́ ṣe, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, ẹ so àwọn ènìyàn ìhà méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ gidi: wíwá ọmọ tó sọnù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ọkọ̀ kan náà lóru. Ẹ má sọ fún wọn pé ìlàjà ni.

Àwọn ìyapa kan wà tó ti wọ inú ìpìlẹ̀ ilé, tí ọ̀gá kan ṣoṣo kò lè dá wò sàn. Ní Àríwá Ireland, ọmọ ìjọ Kátólíìkì kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ọlọ́pàá lọ kí àtúnṣe tó dé, bẹ́ẹ̀ wọ́n pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa láàárín aráàlú. Ìgbìmọ̀ Patten, tí a gbé kalẹ̀ lórí àtúnṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ibẹ̀, dá àbá 175 ní ọdún 1999. Ilé-iṣẹ́ náà gba orúkọ tuntun ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ìdajì àwọn tuntun tí a ń gbà sì jẹ́ Kátólíìkì títí di ọdún 2011, tí iye wọn fi di nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ti yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ sọ ọ́ fún ìjọba ní kíkọ, pẹ̀lú iye tí ẹ kà nínú ìwé yín.

Ẹ ó mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń so èso láti inú nǹkan díẹ̀ tí ẹ lè kà lóṣooṣù: ìṣẹ́jú tó ń gba ọkọ̀ tó sún mọ́ jù láti dáhùn ìpè ẹlẹgbẹ́, iye ẹni tó ń gba ìsinmi àìsàn, iye ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé òun kúrò, àti ẹ̀sùn aráàlú. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí wọn kò yí padà, ẹ pe alárinà láti òde, ẹni tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì, ẹ jẹ́ kí ó bá àwọn ọmọ abẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìsí yín níbẹ̀, kí ẹ sì ti fọkàn gbà á ṣáájú pé orúkọ yín lè wà nínú àbọ̀ rẹ̀.